Búlọ́ọ̀kù Mẹ́sàn-án tí O Ní Kí N Fi Lé Ológbò Igbó

Ùgbónlà, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Fọláránmi ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ìṣirò, torí ìkíni kò ní sá lọ bí owó ṣe sá lọ.

Owó tí o fi ránṣẹ́: ₦20,000.
Èyí tí báńkì yọ, wọ́n ní ti sítáǹpù ni: ₦50.
Èyí tí Kingsley yọ kó tó ka owó lé mi lọ́wọ́: ₦400.
Búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án, ₦700 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦6,300.
Owó ọkọ̀ ojú omi fún àwọn búlọ́ọ̀kù: ₦6,750.
Owó ọkọ̀ tèmi, àlọ àti àbọ̀: ₦3,000.
Àwọn tó rù wọ́n láti èbúté dé ilé: ₦1,000.
Pákó afárá tó kán, pẹ̀lú ìṣó: ₦5,100.
Àpapọ̀ ìnáwó: ₦22,600.
Èyí tó kù lọ́wọ́ mi: òfo. Lẹ́yìn òfo, gbèsè ₦2,600.

Bí o bá rò pé mo ṣì í rò, gbé fóònù rẹ kí o tún un rò. Mo ti rò ó lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìka, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú bírò, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú Rejoice àbúrò rẹ, iye kan náà ló ń jáde. Mo ní kí Kingsley tó ń ṣe POS létí èbúté fún mi ní sítáǹpù tí báńkì gba àádọ́ta náírà rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà yìí. Ó ní kò sí sítáǹpù kankan lọ́wọ́ òun. Mo ní ta ló wá gbé e? Ó ní inú afẹ́fẹ́ ló wà. Bí o kò bá rí sítáǹpù lára lẹ́tà yìí, wo afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, a ti san owó rẹ̀.

Ó yá, mo wá kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní ọ́fíìsì tí ẹ ti ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ń rẹ̀ yín bí ẹni tó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ dé Araromi? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi gbé ilé wa lọ títí di àárọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí onílé rẹ lé ọ jáde. Yóò fún ọ ní ìgbéga, yóò sì fún ọ ní ìyàwó tó mọ ìṣirò. Rejoice kí ọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ. Omi wọlé wá bá wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kí wa dé ẹsẹ̀ ibùsùn, ó jáde, kò mú nǹkan kan lọ ju bàtà ẹsẹ̀ òsì mi. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún wà níbí. Mi ò tíì ra òmíràn, torí omi lè ronú kó dá a padà.

Ọ̀rọ̀ ológbò igbó tí mo tìtorí rẹ̀ pè ọ́ ni mo fẹ́ ròyìn, torí o ti bi Rejoice lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìmọ̀ràn rẹ ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ju bí o ṣe rò lọ. Fi ara balẹ̀ kí n sọ bí ó ṣe ṣiṣẹ́ tó.

Nígbà tí òkun jẹ ilé àwọn kan létíkun, wọ́n kó ọmọ sínú ọkọ̀, wọ́n kó àga, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n fi ológbò sílẹ̀. Ológbò kò ní owó ọkọ̀, ó wọ inú igbó lọ. Ó bímọ níbẹ̀, àwọn ọmọ náà tún bímọ, àwọn tó wà nílẹ̀ báyìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn bọ́ ẹbí àwọn rí. Wọ́n ti gba inú ẹrẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé wa. Èyí tó ń yọ wá lẹ́nu tóbi tó ajá kékeré, ìrù rẹ̀ ki, ó ní ìlà dúdú lára, bí ó bá wo ènìyàn, ńṣe ni yóò dà bíi pé ènìyàn náà ló wá jalè. Olówòkéré aládùúgbò wa, tó ni ọkọ̀ ojú omi tó tún ń ta pákó, ní kì í ṣe ológbò, pé ìjàkùmọ̀ ni. Mo ní kí ó máa jẹ́ ohunkóhun tó bá wù ú, ẹja mi ló ń jẹ.

Ẹja tí mo sì ń wí yìí, kì í ṣe tèmi mọ́. Veronica, oníbàárà mi ní Igbókòdá, ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ fún mi: igba ọ̀bọ̀kún yíyan, ₦800 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦160,000. Owó yẹn ni mo fi ra ẹja tútù, òun ni mo fi ra igi ìdáná. Ìyá Veronica ló ń ra ẹja lọ́wọ́ ìyá mi, Veronica ló ń ra tèmi. Irú owó àsansílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló gbé ọ dé yunifásítì tí o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lé ológbò. Obìnrin kan wà ní Mahintedo tó ti ń rẹ́rìn-ín sí Veronica láti ọdún tó kọjá, tó ń bi í pé ṣé ẹja Ùgbónlà ṣì ń tó o. Nítorí náà, ẹja kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ dín. Mo ń kà á lórí ààrò kí n tó sùn, mo tún ń kà á bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ń dín. Kì í ṣe pé ológbò náà ń jẹ ẹ́ ní ẹ̀rún ẹ̀rún o, odidi ló ń gbé, àwọn tó sì gbẹ dáadáa ló ń ṣà, bíi pé Veronica ló rán an. Nígbà tí èyí tó gbé di mẹ́sàn-án ni mo pè ọ́.

O kò gbé e. O ní o wà ní ìpàdé. Lẹ́yìn náà ni o fi ohùn ránṣẹ́ sórí wásáàpù Rejoice. Ọmọ mi, mo kí ọ nínú ohùn yẹn, o kò dáhùn. Mo ní Fọláránmi, dúró ná, jẹ́ kí n ṣàlàyé bí abẹ́ àtíbàbà tí mo ti ń yan ẹja ṣe rí fún ọ, o ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ bíi pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ nílé. Rejoice ní ohùn tí o ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, pé o kò lè gbọ́ mi. Mo ní nígbà tí kò tíì sí ìgbàsílẹ̀ náà, ṣé ó ń gbọ́ mi ni?

Ṣùgbọ́n mo tẹ́tí sí i. Mo ní kí Rejoice padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀yin ọ̀gá wí. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ ní kí á gé gbogbo igbó tó yí ilé ká, kí ológbò má rí ibi sápamọ́ sí. Mo jáde, mo yí ilé ká lórí pákó, mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, omi ni mo rí. Mo wá ń bi ọ́, ọmọ mi, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé omi náà, ṣé láti apá ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí láti apá ilé Olówòkéré? Ẹ ní kí á máa wọ́n omi sí i lára, pé ológbò kò fẹ́ràn omi. Ológbò Èkó lẹ ń sọ. Tibí yìí ń wẹ̀ kọjá lábẹ́ ilé bí omi bá kún, ó ń mú edé jẹ lọ́nà. Ẹ ní kí á ra iná kan tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí ó bá rí ẹranko. Àwa tí a ti ń retí iná ìjọba láti ìgbà tí o wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iná tó ń tàn fún ènìyàn ni a kọ́kọ́ fẹ́ rí ná, ti ológbò lè tẹ̀ lé e. Ẹ ní kí á má fi oúnjẹ sílẹ̀ níta. Igba ẹja lórí iná, ṣé inú yàrá ni kí n ti máa yan án, kí èmi náà lè gbẹ, kí Veronica rà mí mọ́ ọn?

Ẹ tún wá ní wọ́n ń fi ètò sí ológbò lára báyìí kó má bàa bímọ mọ́. Mo gbọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣètò ọmọ bíbí fún àwa obìnrin máa ń dé lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì, orí ìlà la sì máa ń wà láti òwúrọ̀. Ṣé kí ológbò dúró síwájú mi ni àbí kó wà lẹ́yìn mi?

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o sọ pé mi ò gbìyànjú. O ní àwọn ẹgbẹ́ kan wà ní Èkó tó ń tọ́jú ẹranko, o fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́. Mo ní kí Rejoice bá mi kọ̀wé sí wọn. Fọláránmi, ẹni tó wà nídìí nọ́ńbà yẹn, òbí rẹ̀ tọ́ ọ dáadáa. A kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó fi dáhùn. Ó ní inú àwọn dùn pé a kàn sí àwọn, ó ní kí n tẹ ení fún ajá, kí n tẹ èjì fún ológbò. Mo tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Rejoice ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà bi mí pé ṣé ológbò mi ti gba abẹ́rẹ́. Mo ní kí Rejoice sọ fún un pé mi ò ní ológbò, pé ológbò ló ní mi. Ó dúpẹ́. Ó ní kí ni orúkọ rẹ̀? Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ló jẹ́ kó máa bèèrè orúkọ, mo ní kí Rejoice sọ fún un pé kò sọ fún wa. Ọ̀gbẹ́ni náà tún dúpẹ́, ó wá kọ ọ́ báyìí pé ẹ kú oríire, a ti forúkọ Kò Sọ Fún Wa sílẹ̀, ẹ mú Kò Sọ Fún Wa wá sí ọ́fíìsì wa ní Èkó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́.

Mo jókòó, mo ṣírò owó ọkọ̀ Kò Sọ Fún Wa. Ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá, ₦1,500. Mọ́tò dé Èkó, ₦11,000. Èmi tí mo máa gbé e lọ náà, iye kan náà. Mo kọ̀wé padà pé ọ̀nà jìn, pé kí ó jọ̀wọ́ kó rán ẹnìkan wá. Ó ní inú àwọn dùn pé mo kàn sí àwọn, ó ní kí n tẹ ení fún ajá. Mo bi í léèrè ìyàwó àti ọmọ, ó ní kí n tẹ èjì fún ológbò. Rejoice ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tàbí kì í ṣe ẹ̀rọ, aago márùn-ún ìdájí ni mo kọ̀wé sí i lọ́jọ́ kejì, ó dáhùn. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ju ọmọ tí mo bí lọ. Mo ti ń gbàdúrà fún un pọ̀ mọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, mo sì fi í síwájú rẹ nínú àdúrà náà, torí òun ń gbé e bí mo bá pè é.

Ìgbà tí èyí kò yọrí sí ibì kan ni mo padà sínú ohùn rẹ, mo gbọ́ ìparí rẹ̀. O ní màmá, èyí tó dára jù lọ ni pé kí ẹ búlọ́ọ̀kì ẹ̀, ẹ búlọ́ọ̀kì ibi tó ń gbà wọlé, kíákíá. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Rejoice ní bóyá ohun tí bùọ̀dá ń sọ ni pé kí á dí ihò náà, kí á wá pákó kàn mọ́ ọn. Mo ní ìwọ lo lọ sí yunifásítì ni? Mo ní bí ó bá jẹ́ pákó ló ní lọ́kàn, yóò sọ pé pákó, orí pákó ni mo bí i sí. Búlọ́ọ̀kù ló sọ, búlọ́ọ̀kù ni yóò jẹ́. O fi ₦20,000 ránṣẹ́, ohun tó kù ni pé o kò sọ iye búlọ́ọ̀kù. Mo lọ wọn ihò tó wà ní igun àtíbàbà, ibi tí ológbò ń gbà gòkè. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní gíga. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án.

Ní Igbókòdá, ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù bi mí pé kí ni mo ń kọ́. Mo ní mi ò kọ́ nǹkan kan, ológbò ni mo fẹ́ fi lé. Ó ní níbo? Mo ní Ùgbónlà. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó tún bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé Ùgbónlà orí omi? Mo ní òun náà ni. Ó ní ṣé mi ò ní ra sìmẹ́ǹtì? Mo ní ọmọ mi tó wà ní Èkó kò dárúkọ sìmẹ́ǹtì. Ó ní kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọmọ náà. Mo ṣe àmín.

Olówòkéré ló gbé wa padà. Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan wò, ó ní ó wúwo tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, nítorí náà ìdajì owó èrò ni òun máa gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ọmọ kékeré, orí itan ìyá rẹ̀ ló máa ń jókòó, kì í sanwó. Ó ní ó dáa, kí n gbé wọn lé itan. Mo gbé ọ̀kan lé itan. Mo san owó náà. ₦750 lọ́nà mẹ́sàn-án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀, ó ní ẹ káàbọ̀, ẹ sún mọ́ra, ẹ má na ọwọ́ sínú omi. Àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilé. Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín, bí kò bá jẹ́ pé èmi ni mo sanwó ẹ̀rín náà.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ló bá mi rù wọ́n láti èbúté. O mọ afárá pákó wa, o mọ̀ pé ènìyàn la kàn án fún. Kò sí ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù kọjá lórí rẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti ń gbé níbí. Ó gba ti àkọ́kọ́, ó gba ti èkejì, nígbà tí wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní iwájú ilé wa gan-an, ó ké, ó kán. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà bọ́ sínú omi, ọpẹ́ ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀. Búlọ́ọ̀kù méjì tí wọ́n rù kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Wọ́n wà nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ₦700 méjì pẹ̀lú owó ọkọ̀ wọn. Afárá náà jẹ́ ti gbogbo wa, wọ́n ní ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù gorí rẹ̀ ni yóò tún un ṣe. Olówòkéré ta pákó fún mi, ó gba ₦2,500 tó kù lọ́wọ́ mi, ó kọ ₦2,600 sí awìn. Bí o bá wò ó dáadáa, ọkùnrin yìí nìkan ni ìmọ̀ràn rẹ ṣe láǹfààní.

Búlọ́ọ̀kù méje ló dé ilé. Mẹ́sàn-án ni ihò náà fẹ́. Mo tò wọ́n bí agbára mi ṣe mọ, mo dá wọn dùbúlẹ̀ kí wọ́n má bàa wó lu ààrò, ihò inú wọn wá kọjú sí ibi tí iná ẹja wà. Mo sọ fún Rejoice pé kó ya fọ́tò rẹ̀ fún ọ, o sì fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè dá wa lóhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àtàǹpàkò rẹ.

Ológbò dé ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò bínú. Ó wo búlọ́ọ̀kù níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wá wo ilé tó fẹ́ gbà. Ó ti orí bọ inú ihò kan, ó yọ ọ́, ó bọ inú ìkejì. Ibẹ̀ gbẹ, omi kò dé ibẹ̀, atẹ́gùn kò dé ibẹ̀, ooru iná ń fẹ́ sí i, oúnjẹ wà lókè orí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti bí ọmọ mẹ́rin síbẹ̀.

Fọláránmi, gbogbo wa ní ojú omi yìí, láti ọba dé ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe, orí pákó la ń gbé. Àlùfáà wa ń gbé ilé pákó. Kánsẹ́lọ̀ wa ń gbé ilé pákó. Ẹni kan ṣoṣo tó ń gbé ilé búlọ́ọ̀kù ní Ùgbónlà wa ni Kò Sọ Fún Wa. Búlọ́ọ̀kù kan ní ihò méjì, méje lọ́nà méjì jẹ́ yàrá mẹ́rìnlá. Òun ń lo ọ̀kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ń lo ọ̀kan, méjìlá ṣófo. Ìwọ tí o jáde ilé ìwé gíga ń san owó ilé lórí yàrá kan tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí mo bá rí àyè bá a sọ̀rọ̀, màá bá ọ bẹ̀ ẹ́ kó yá ọ ní yàrá kan.

Àwọn ènìyàn ń wá wò ó. Wọ́n ń gorí afárá tí mo fi gbèsè kàn, wọ́n ń kí mi kú oríire ọmọ tuntun, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni ìkómọ. Olówòkéré ní kí n ra ọ̀tápíàpíà, kí n fi ra ẹja kan lára fún un. Mo ní májèlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tí ènìyàn máa jẹ? Bí ẹyọ kan bá ṣèèṣì bọ́ sínú agbọ̀n Veronica ńkọ́? Ó ní ó dáa, òun máa fi ọwọ́ òun kó wọn jáde. Ó tẹ̀ síwájú, ológbò náà fi eyín hàn án, ó ké lẹ́ẹ̀kan péré. Olówòkéré rántí pé òun kò tíì pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òun. Ẹ́ńjìnnì náà kò dún látàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ológbò náà wà nínú igbó, ó máa ń rìn kó tó rí ẹja. Ní báyìí tí mo ti kọ́lé fún un sí ẹnu ààrò, ńṣe ló kàn ń na ọwọ́. Mẹ́jọ ló tún gbé. Mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀, mẹ́jọ báyìí, mẹ́tàdínlógún. Ìgbà tí ẹ̀rù bà mí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìfun ẹja tútù síwájú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tí onílé ń san owó ilé fún ayálégbé. Láti ìgbà náà, kò gbé odidi mọ́. Mo mọ̀ pé o ní kí á má fún un lóúnjẹ. Bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ fóònù rẹ.

Veronica dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó kà á, ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta. Ó tún un kà, kò lé kan. Mo fi búlọ́ọ̀kù hàn án, mo fi àwọn ọmọ hàn án, ó rẹ́rìn-ín títí ìró ìdí rẹ̀ fi tú. Mo rò pé ẹ̀rín náà ti san gbèsè. Nígbà tí ó tún ìró ró tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní Moríkẹ́, ọ̀rẹ́ ni wá, àwọn ìyá wa jẹ́ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ti gba owó àwọn ènìyàn lórí ẹja yìí, wọn kò sì ní gba ìtàn ológbò lọ́wọ́ òun ní Oǹdó. Ó ní kí n kó ẹja mẹ́tàdínlógún wá lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, tàbí ₦13,600. Bí kò bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, ó ní kí n má bínú, òun máa gbé owó àsansílẹ̀ ti oṣù tó ń bọ̀ lọ sí Mahintedo. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

Ẹja kò sí. Ìgbì ga láti ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ọkọ̀ tó jáde sókun. Nítorí náà, owó nìkan ló kù. Rejoice ní kí n tà lára àwọn ọmọ ológbò náà. Mo bèèrè kiri, gbogbo ẹni tó wá wò wọ́n ní wọ́n rẹwà, kò sí ẹni tó bi mí ní iye.

Wá wo ìṣirò kan pẹ̀lú mi. Láti ìgbà tí ológbò igbó ti ń jà mí lólè, ₦13,600 ló jẹ. Ìmọ̀ràn rẹ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ₦22,600 ló jẹ. Rejoice bi mí pé nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ó yẹ kí á búlọ́ọ̀kì? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi lánàá pé nínú fóònù, bí ènìyàn kò bá fẹ́ kí ẹnìkan pe òun mọ́, búlọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Mo ní ológbò náà kò pè mí rí. Bí mo bá pè ọ́ lọ́la tí kò wọlé, màá mọ̀ pé o ti ra búlọ́ọ̀kù tìrẹ.

Mi ò ní bá ọ jà. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀, ₦13,600 ti Veronica àti ₦2,600 ti Olówòkéré. Kí ó dé ọwọ́ mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Má fi ìmọ̀ràn sí i. Bí owó náà kò bá dé, Veronica ti lọ nìyẹn, mi ò sì mọ oníbàárà mìíràn tó máa san owó igba ẹja sílẹ̀ fún obìnrin tó jẹ gbèsè pákó. Iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Mo ti wá rò ó pé, tí iṣẹ́ bá tán, kí ni mo tún ń ṣe nílé? Ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá, ₦1,500, mọ́tò dé Èkó, ₦11,000, ₦12,500 lápapọ̀. Ó fi ₦3,700 dín sí owó tí mo jẹ. Lójú tèmi, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ ló dínwó jù. Ààrò mi kò gbà ju ìdajì yàrá lọ, èéfín rẹ̀ kì í ju oṣù kan lọ kí ènìyàn tó mọ́ ọn lára, mo sì máa ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti kọrin ìsìn. Èmi ti ṣe ìṣirò tèmi. Ìwọ náà jókòó kí o ṣe tìrẹ.

Ọlọ́run yóò mú ọwọ́ rẹ tètè dé àpò. Ọ̀gá rẹ kò ní yọ lára owó oṣù rẹ. Ibi tí o bá tẹ ẹsẹ̀ sí kò ní kán mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ìyá tó bí ọ kò ní di ẹrù fún ọ, àyàfi bí o bá fi ọwọ́ ara rẹ fà á.

Èmi ni ìyá rẹ,
Moríkẹ́ Ọlálẹ́yẹ.

Iye tó wà lọ́rùn rẹ tí o kò tíì san: ₦16,200.